Ẹ̀ṣọ́ Inú Ojú: Bí Ẹyinjú Wa Ṣe Ń Dènà Ìtànṣán Òòrùn Tó Léwu



Ní nǹkan bí agogo kan òru, ìyá kan ládùúgbò wa wá kan ilẹ̀kùn wa gbàgbàgbà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, ló ń ké nínú ilé pé ó dà bíi pé wọ́n da ata àti iyanrìn sí òun lójú. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà níbẹ̀ wàràwàrà, kò sì lè wo iná rárá. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó kírun Iṣáì, kò sí ohun tó ṣe é. Ohun tó ń da ìyá náà láàmú jù nìyẹn. Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún omi ọmú sí i lójú, ẹlòmíràn ní ìtọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ kíákíá.

Ìbéèrè kan péré ni mo bi ọmọ náà: "Ṣé o bo ojú nígbà tí ẹ ń jó irin lọ́sàn-án?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìbòjú kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá òun ló sì ń lò ó. Òun kàn ń bá ọ̀gá di irin mú ni, òun sì ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Iná tí wọ́n fi ń jó irin ló jó o lójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà ojú kán oògùn aláwọ̀ kan sí i lójú, ó fi iná kékeré yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé awọ tó wà níwájú ẹyinjú rẹ̀ ti bó káàkiri bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó fún un ní oògùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú ti là. Ọ̀rọ̀ tí dókítà náà sọ fún un ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ó ní: "Awọ iwájú ojú rẹ ló gbà á fún ọ. Ká ní kò gbà á ni, inú lọ́hùn-ún ni ì bá jó."

Báwo ni awọ ojú ṣe ń gba nǹkan fún ni? Apá wo nínú ojú ló ń dá ìtànṣán wo dúró? Kí ló sì ń ná an?

Ìtànṣán tí ojú kò rí

Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí kọ́ ni gbogbo ohun tó ń ti ara òòrùn wá. Bí òṣùmàrè bá yọ, a máa ń rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín sí àwọ̀ oríṣiríṣi, láti orí pupa títí dé elésè àlùkò. Lẹ́yìn elésè àlùkò yìí, ìtànṣán mìíràn ṣì wà tí ojú ènìyàn kì í rí. Ará Jámánì kan, Johann Wilhelm Ritter, ló kọ́kọ́ rí ipa rẹ̀ ní ọdún 1801. Ó fi èròjà fàdákà kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú sí abẹ́ àwọn àwọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan. Ó wá rí i pé ibi tí èròjà náà ti yára dúdú jù ni ibi tó kọjá elésè àlùkò, níbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ìtànṣán yìí ni wọ́n wá ń pè ní ultraviolet. A ó máa pè é ní UV nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ dá a mọ̀, nánómítà sì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nánómítà sókè. UV wà nísàlẹ̀ ìyẹn, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta: UVA láti 400 sí 315, UVB láti 315 sí 280, àti UVC láti 280 sí 100. Bí ìgbì náà bá ṣe kúrú tó ni agbára rẹ̀ láti ba ara jẹ́ ṣe máa ń pọ̀ tó. UVC ló le jù nínú wọn.

Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ kò sí lára wa rárá. Òkè réré ló wà. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ozone ló ń gba gbogbo UVC tó ń ti òòrùn bọ̀, ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú UVB. UVA ni kò fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́nà. Ìdí nìyí tí UV tó ń dé ilẹ̀ fi jẹ́ pé UVA ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí UVB díẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Iná jórinjórin ń mú UVA, UVB àti UVC jáde, kò sì sí ozone kankan láàrin òun àti ojú ẹni tó dúró tì í. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ òkè kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀ rí, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dúró síwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi yí ojú ká

Kí UV tó dé ẹyinjú, ó ní láti kọjá lára ohun tó yí i ká. Ẹyinjú wà nínú ihò eegun, iwájú orí yọ síta lórí rẹ̀, irun òkè ojú sì ṣíji bò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ìpéǹpéjú á pa dé díẹ̀, ojú á sì fún. Ọmọlójú, ìyẹn ihò dúdú àárín ojú, á kéré kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé lè dín kù.

Ibn al-Haytham, onímọ̀ tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, kọ̀wé ní ọ̀rúndún kọkànlá lórí bí ojú ṣe ń ríran. Kitāb al-Manāẓir ni orúkọ ìwé náà. Lára ẹ̀rí tó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ inú ojú, pé kì í ṣe ojú ló ń rán ìtànṣán jáde, ni pé ojú máa ń dun ẹni tó bá tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ líle bíi ti òòrùn. Ìrora yẹn ni ìkìlọ̀ tí ara ń fún wa. Àmọ́ ìkìlọ̀ náà dá lórí ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí nìkan. Ara kò ní ìkìlọ̀ fún UV. Bí ìkùukùu bá bojú ọ̀run, tí ojú kò sì dùn wá mọ́, UV púpọ̀ ṣì lè máa kọjá láàrin ìkùukùu náà.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní ọ̀sán gangan tí òòrùn wà ní àtàrí, iwájú orí àti ìpéǹpéjú máa ń ṣíji bo ojú dáadáa. Nígbà tí òòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀run, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí agogo mẹ́ta ọ̀sán, ó máa ń wọ ojú tààrà. Ẹni tó ń fi fìlà bo orí kìkì ní ọ̀sán gangan kò tíì dáàbò bo ojú tán.

Kọ́níà: ẹ̀ṣọ́ tó ń fara gbọgbẹ́ ní kíá

Awọ tó mọ́ gaara bíi dígí, tó bo iwájú ẹyinjú, ni wọ́n ń pè ní kọ́níà. Kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ ní àárín rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí UVC wọlé rárá. Gbogbo ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ kò tó nǹkan bí 290 nánómítà, kọ́níà ló ń gbà á. Ó tún ń gba díẹ̀ nínú UVB tó kù.

Nígbà tí a bá ní ó "gbà á", ohun tó túmọ̀ sí ni pé agbára ìtànṣán náà wọ inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè kọ́níà, ó sì dúró síbẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké inú awọ náà á kú. Wọn kì í bó lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó kúrò. Nígbà tí wọ́n bá bó, iṣan ìmọ̀lára tó wà lábẹ́ wọn á wà ní ìhòòhò. Iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú kọ́níà pọ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gún kékeré fi lè mú àgbà sunkún. Ẹ wá rí ìdí tí ọmọ yẹn fi ṣiṣẹ́ tán, tó jẹun, tó kírun, tí ìrora kò sì dé àfi ní òru.

Ohun tó dára lára kọ́níà ni pé awọ òkè rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá sí ìdọ̀tí tó wọ ibẹ̀, láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta, awọ tuntun á ti bo ojú ibẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ da ìtọ̀, omi ọmú, omi ṣúgà tàbí àgbo sí i. Ojú egbò ni ibẹ̀ lákòókò náà. Kòkòrò àìsàn tó bá wọ ibẹ̀ lè sọ ohun tí ì bá san ní ọjọ́ mẹ́ta di àpá funfun tí kò ní kúrò láéláé.

Omi inú ojú àti lẹ́ǹsì: ẹ̀ṣọ́ tí kì í sinmi

Lẹ́yìn kọ́níà, omi kan wà tó mọ́ lóló. Fítámì C tó wà nínú omi yìí tó nǹkan bí ìlọ́po ogún èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba díẹ̀ nínú UVB tó bá yọ́ kọjá kọ́níà.

Lẹ́yìn omi yìí ni lẹ́ǹsì wà, ní ẹ̀yìn ọmọlójú. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ń mú kí ìran ṣe kedere, yálà ohun tí à ń wò jìnnà tàbí ó sún mọ́ wa. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni pé òun ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dá UVA dúró. Àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ara ń ṣe láti inú purotéènì oúnjẹ wa, àwọn ló ń gba ìtànṣán láti nǹkan bí 300 sí 400 nánómítà. Nínú UV tó bá dé ojú àgbàlagbà, ohun tó ń kọjá lẹ́ǹsì dé ẹ̀yìn ojú kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin lẹ́ǹsì àti kọ́níà. Lẹ́ǹsì kì í bó awọ àtijọ́ dànù. Ohun tó wà ní àárín lẹ́ǹsì àgbàlagbà ọlọ́gọ́rin ọdún ti wà níbẹ̀ láti inú oyún ìyá rẹ̀. Tuntun ń hù lé àtijọ́ lórí ni, àtijọ́ kì í sì lọ. Nítorí náà, bí UV bá ba purotéènì inú lẹ́ǹsì jẹ́ lónìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tọ̀la á fi díẹ̀ kún un, ọdún tó ń bọ̀ á fi díẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ kò ní dun ẹnikẹ́ni rárá.

Ẹ wo funfun ẹyin adìyẹ tútù. Ó mọ́, a lè rí ọwọ́ wa gba inú rẹ̀. Bí iná bá rà á, á di funfun báláú, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di tútù padà. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí purotéènì inú lẹ́ǹsì. Ó kọ́kọ́ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà á di bíi kùrukùru, ojú á sì máa ṣe bàìbàì. Èyí ni àìsàn kátáráátì.

UV nìkan kọ́ ló ń fà á o. Ọjọ́ orí, àtọ̀gbẹ, sìgá mímu, ojú tí nǹkan gbá, àti àwọn oògùn kan tí ènìyàn lò pẹ́ jù wà lára ohun tó ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú àwọn tí kátáráátì fọ́ lójú lágbàáyé, ó lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé UV ló fà á. Ọjọ́ orí kò ṣeé dá dúró. Ti UV ṣeé dín kù.

Rẹ́tínà: ilé tí gbogbo wọn ń ṣọ́

Rẹ́tínà ni awọ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ojú nínú lọ́hùn-ún. Òun ló ń gba àwòrán tó sì ń fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ tí a ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí ṣe wà. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí a fi ń kàwé tí a sì fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú kan wà tó ń dín agbára ìmọ́lẹ̀ búlúù kù. Èròjà méjì tí wọ́n ń pè ní lutein àti zeaxanthin ló ṣe àwọ̀ yìí. Ara kò lè dá wọn ṣe, inú oúnjẹ ni a ti ń rí wọn: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ewédú, àgbàdo tó pọ́n, àti pupa ẹyin.

Ẹ̀ṣọ́ tó dúró síwájú rẹ́tínà ń dá UV dúró, kò dá ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹjú mọ́ òòrùn, lẹ́ǹsì rẹ̀ á kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ sójú kan lórí rẹ́tínà, bí awò tí ọmọdé fi ń dá iná sí ìwé. Rẹ́tínà kò sì ní iṣan ìrora. Ó lè jó láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo òòrùn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jáde síta láti wò ó. Ní 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá á tún bo òòrùn pátápátá ní Mẹ́kà àti Jeddah. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a) ti kọ́ wa pé òòrùn àti òṣùpá kì í wọ̀ nítorí ikú ẹnikẹ́ni, àti pé bí a bá rí i, kí a kírun kí a sì tọrọ. Ẹni tó bá wà lórí ìrun kò ní tẹjú mọ́ òòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, àfi kó lo awò tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Awò dúdú ọjà, fọ́tò àyà inú x-ray, tàbí omi inú abọ́ kò tó.

Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń ní àléébù

Àkọ́kọ́ ni ojú àwọn ọmọdé. Lẹ́ǹsì wọn mọ́ gaara, èròjà tó ń gba UV kò sì tíì ní àwọ̀ tó pọ̀. UV tó ń dé rẹ́tínà ọmọ kékeré pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ọmọlójú wọn fẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń pẹ́ níta. Kì í ṣe pé kí a há ọmọ mọ́lé o. Eré ìta dára fún ojú ọmọdé àti fún eegun wọn. Fìlà tó ní etí àti abẹ́ igi ni kí a fi kún un.

Ìkejì ni ẹ̀gbẹ́ ojú. Bí ìtànṣán bá gba ẹ̀bátí wọlé, kọ́níà máa ń tẹ̀ ẹ́ bí awò, á sì kó o jọ sí igun ojú tó wà lápá imú. Ibẹ̀ gan-an ni ẹran ojú sábà máa ń hù sí, ìyẹn ẹran pupa tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun ojú bọ́ sórí dúdú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀, apẹja, ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ta ọjà nínú oòrùn ló máa ń ní i jù. Afẹ́fẹ́, eruku àti UV ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ìkẹta ni ojú tí wọ́n ti yọ lẹ́ǹsì rẹ̀. Ní ọdún 1949, dókítà ojú kan ní London, Harold Ridley, kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì oníke sí ojú ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátáráátì. Ó ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rúnrún ike fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú tó wọ àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun lójú kò dá wọn ní wàhálà bí ohun mìíràn ṣe máa ń dá a. Lẹ́ǹsì ìgbà náà kì í dá UV dúró. Ti òde òní ní èròjà tó ń gba UV nínú. Kò burú kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn oníṣègùn abẹ́rẹ́ ń ṣe, àwọn tó ń lọ láti ìlú dé ìlú pé àwọn ń la ojú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti lẹ́ǹsì tó ti di funfun kúrò lójú ọ̀nà, á sì jábọ́ sínú ojú lọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ẹni náà á ní òun ń rí nǹkan, wọ́n á gba owó, wọ́n á sì kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú bẹ́ẹ̀ ló máa ń kẹ̀ tàbí kó fọ́ pátápátá. Iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ni ìwòsàn kátáráátì. Kò sí oògùn kíkán tàbí àgbo tó lè mú un kúrò.

Awò dúdú àti tìróò

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí awò bá ṣe dúdú tó ni yóò ṣe dáàbò bo ojú tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dúdú awò ń dín ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí kù. Èròjà tó wà lára awò náà ló ń dá UV dúró, èròjà yẹn kò sì ní àwọ̀. Awò funfun tó mọ́ gaara lè dá gbogbo UV dúró, awò dúdú kirikiri sì lè máà dá a dúró. Awò dúdú tí kò dá UV dúró tilẹ̀ lè burú ju kí ènìyàn má lo nǹkan kan lọ, nítorí pé bí òkùnkùn bá bo ojú, ọmọlójú á fẹ̀, ìpéǹpéjú á ṣí, UV á sì rí ọ̀nà tó gbòòrò wọlé. Ohun tí a ó wò lára awò nígbà tí a bá fẹ́ rà á ni "UV400", tó ń sọ pé ó ń dá UV dúró títí dé 400 nánómítà. Nítorí pé ẹnikẹ́ni lè lẹ ìwé mọ́ awò, ó dára kí a rà á níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, tí wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ dán an wò.

Ní ti tìróò, àwọn ìyá kan gbà pé lílé e sí ojú ọmọ ń dáàbò bo ojú rẹ̀ lọ́wọ́ òòrùn. Tìróò kò bo kọ́níà, kò sì bo lẹ́ǹsì. Òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ lo tìróò tó wá láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e sí ojú ọmọ mọ́.

Ohun tí a lè ṣe

Fún àwọn oníṣẹ́ jórinjórin: ìbòjú tó ní dígí nọ́ńbà 10 sókè ni ti iná mànàmáná, kì í ṣe awò dúdú lásán. Ọmọ iṣẹ́ tó ń di irin mú gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Gbígbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tó, nítorí UV ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì ń ta padà lára ògiri àti irin. Ẹ fi nǹkan gé ibi iṣẹ́ kúrò lójú àwọn tó ń kọjá, pàápàá àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀.

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn: akẹtẹ̀ tàbí fìlà tó ní etí gbòòrò lè dín UV tó ń dé ojú kù ní nǹkan bí ìdajì. Bí ẹ bá fi awò UV400 tó fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ojú kún un, ó tún dára sí i.

Fún àwọn tó ń lọ sí Hajj tàbí Umrah: òòrùn Arafa àti Mina kì í ṣe kékeré, ilẹ̀ funfun àti òkúta máberù sì ń ta ìtànṣán padà sókè. Ọkùnrin tó wà nínú ìhírámù kì í dé fìlà, ṣùgbọ́n agbòòrùn tí kò kan orí àti awò òòrùn kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un. Ẹ bi àáfà tó ń darí yín bí ọ̀rọ̀ náà bá rú yín lójú.

Bí iná jórinjórin bá ti jó ojú: ẹ bọ́ lẹ́ǹsì àfilójú bí ẹ bá ń lò ó, ẹ jókòó sí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì bọ omi tútù lé ojú tó wà ní pípadé, ẹ má nù ún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ra oògùn ojú tó ń pa ìrora kú ní kẹ́mísí láti máa kán an fúnra yín, torí kì í jẹ́ kí kọ́níà tètè jinná. Ẹ má sì kán oògùn tó ní steroid láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó. Ó lè fa àrùn tó ń fọ́ ojú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ra ìbòjú fún un, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ra méjì mìíràn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù. Kọ́níà rẹ̀ ti hu awọ tuntun. Ohun tó bá ti wọ lẹ́ǹsì rẹ̀ ní gbogbo oṣù tó fi ṣiṣẹ́ láìbo ojú, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ níbẹ̀. Ìyókù ló kù tó lè ṣọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba dá ojú wa sí fún wa títí dé ọjọ́ alẹ́. Àámín.